Sí Òṣùpá, Olùkọ́ Tí Kì Í Wo Aago

Ẹ̀yin Òṣùpá,

Ẹ kú àjò o, ẹ sì kú àbọ̀, ìgbà yòówù kó wù yín kí ẹ dé. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ ìwé yìí, torí ẹ ti wà lókè kí baba ńlá àwọn baba ńlá mi tó dáyé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá wa ka lẹ́tà yìí sọ pé Amẹ́ríkà ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ mi. Gbogbo ará ilé wa ní Oxon Hill ń kí yín. Àbígbẹ̀yìn mi nìkan ni kò kí yín. Ó ní kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè ibi tí ẹ wà ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní kó ṣe sùúrù, pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún wà lára ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn tó ń yọjú wo ìwé wa. Ilé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi níwèé. Òfin Maryland gbà bẹ́ẹ̀: òbí á fọwọ́ sí ìwé pé òun fẹ́ ṣe é, ó kéré tán ọjọ́ 15 kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, iṣẹ́ ọnà, orin, ìlera àti eré ìdárayá, á sì máa kó iṣẹ́ ọmọ sínú fáìlì tí òṣìṣẹ́ káńtì lè yẹ̀ wò, kò ní ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún. Mo ka iṣẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yìí, mo wo owó ọwọ́ mi, mo wá ń rò ó pé ta ló lè bá mi gbé tó ìdajì wọn láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin lẹ wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ tó bá ń ya àwòrán yín lálaalẹ́ ti ṣe iṣẹ́ ọnà. Ọmọ tó bá ka ọjọ́ láti ìgbà tí ẹ lé títí ẹ ó fi tún lé ti ṣe ìṣirò. Kí á fẹsẹ̀ rìn dé etí odò láti lọ wò yín, eré ìdárayá ni, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó wá bá mi rìn ín. Mo ra ìwé ìyàwòrán, mo ra pẹ́ńsù, mo kọ orúkọ yín sórí tàìmù-tébù gàdàgbà: “Òṣùpá, aago mẹ́jọ alẹ́.” Inú mi dùn. Kò sẹ́ni tó sọ irú ẹni tí mo gbà síṣẹ́ fún mi.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni ti aago. Lójoojúmọ́ lẹ máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Ìdí rẹ̀ yé mi: bí ayé ti ń yí, ẹ̀yin náà ń rìn síwájú lójú ọ̀nà yín, ayé á sì ní láti yí díẹ̀ sí i kí ó tó bá yín. Àwíjàre gidi ni, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 50 ọ̀hún pàápàá, ẹ kì í dúró tì í. Lásìkò àrànmọ́jú oṣù Kẹsàn-án, ẹ lè má pẹ́ ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ láti alẹ́ kan sí èkejì. Tó bá di ti oṣù Kẹta, pípẹ́ yín á ju wákàtí kan lọ. Tí tíṣà ìjọba bá dán èyí wò, ìwé ìdádúró á ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní ti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kí n má parọ́ mọ́ yín, ẹ kúkú wá. Ó ku díẹ̀ kí aago lu méjìlá òru ni ẹ yọ. Ta lẹ rò pé ó ń dúró dè yín ní wákàtí yẹn, yàtọ̀ sí ọmọdé kan tó ti sùn sórí àga lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́?

Ìgbà tí ẹ bá sì wá lásìkò, ẹ mọ ọ̀nà tí ẹ fi ń bà á jẹ́. Ní oṣù Kẹfà, tí ọmọdé lè jókòó síta láìwọ kóòtù, oòrùn kì í wọ̀ ní Oxon Hill títí di lẹ́yìn aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ̀yin àrànmọ́jú á wá yọ nígbà tó yẹ kí ọmọ ti wẹ̀, kó ti gbàdúrà, kó ti máa hanrun. Bí ẹ bá sì yọ tán, ẹ ò ní gòkè. Ẹ ó máa rá lọ ní apá gúúsù, lẹ́yìn igi àti òrùlé aládùúgbò, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó tún wá di oṣù Kejìlá, oòrùn wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ẹ yọ kíá, ẹ gòkè réré, ẹ mọ́lẹ̀ rekete, òtútù sì ti ń gé etí ọmọ ènìyàn. Mo mọ̀ pé ayé ló tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé ọ̀nà tí oòrùn ń gbà lọ́sàn-án ìgbà òtútù ni ẹ̀yin ń gbà lálẹ́ ìgbà ooru. Àwọn ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú fáìlì. Ó kàn ń dùn wá ni.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀rọ̀ ọ̀sán. Gbogbo ìwé ọmọdé tí mo rà ló sọ pé ẹ̀yin lẹ ni òru, oòrùn ló ni ọ̀sán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a ń lọ sí ilé ìkàwé Oxon Hill, ọmọ mi kejì nàka sókè: ẹ̀yin rèé, ní ìdajì, funfun báláú, ní ìwọ̀-oòrùn, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀! Ó ní ẹ ti ṣìnà. Mo ní ẹ ò ṣìnà, pé tí a bá ro oṣù kan pọ̀, wákàtí tí ẹ ń lò lójú ọ̀run lọ́sàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tí ẹ ń lò lóru dọ́gba. Ó wò mí títí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń ka gbogbo nǹkan yòókù tí mo ti sọ fún un láti ìgbà tí mo bí i. Nígbà tí a délé, ó gbé ìwé àwòrán kan tí ó fẹ́ràn gan-an jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe. Ìwé náà fi yín hàn ní tínńrín láàrin òru gangan, nígbà tó jẹ́ pé bí ẹ bá tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀bá oòrùn lẹ máa ń wà, ẹ ó ti bá a wọlé tipẹ́ tàbí kí ẹ má tíì yọ. Ìràwọ̀ kan sì jókòó sínú ibi tó ṣókùnkùn lára yín, bí ẹni pé ihò ló wà níbẹ̀. Ó fi báírò pupa sàmì sí gbogbo rẹ̀. Ìwé ilé ìkàwé ni. Owó ìwé náà, ta ni kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ìdílé mi ni ti màmá mi. Màmá mi wà ní Ìbàdàn. Ó gbà láti máa bá àwọn ọmọ wò yín lórí WhatsApp, kí ẹ̀kọ́ náà lè ní àgbà nínú. Ìgbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ní ìgbà tí ewé ń wọ́ níbí, màmá mi ní òun ti rí yín, pé ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, ikùn yín wà nísàlẹ̀, orí àti ẹsẹ̀ yín wà lókè, bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Nígbà tí ó tó àsìkò tiwa, àwọn ọmọ jáde, wọ́n wò yín, wọ́n ní rárá o, òṣùpá nàró ni. Màmá mi ní kí n lọ ṣàyẹ̀wò ojú àwọn ọmọ mi, pé oúnjẹ inú agolo ló fà á. Àwọn ọmọ ní kí ìyá àgbà lọ gba gíláàsì tuntun. Èmi wà láàrin, mò ń bẹ apá méjèèjì, ẹ̀yin sì wà lókè tí ẹ ń wò wá, ẹ ò sọ nǹkan kan.

Àwọn méjèèjì ló jàre. Ìbàdàn sún mọ́ agbedeméjì ayé, ìwọ̀n 7 péré ni sí àríwá rẹ̀. Oòrùn ń já wálẹ̀ tààrà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin náà á sì tẹ̀ lé e tààrà, apá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bà lára yín á wà nísàlẹ̀. Oxon Hill sún mọ́ ìwọ̀n 39. Níbí, ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ń gbà wọlé, pàápàá ní àsìkò yẹn, ẹ̀gbẹ́ náà ni ìmọ́lẹ̀ á sì ti bà yín. Ẹ ò yí padà. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń wò yín ló yàtọ̀. Mo fi àwòrán méjèèjì sí ojú ìwé kan, ti Ìbàdàn lápá òsì, ti Oxon Hill lápá ọ̀tún, mi ò sì rí ojú ìwé míì nínú fáìlì yẹn tó wù mí tó o. Màmá mi kò tíì gbà ṣá.

Òun ló tún sọ fún wọn nípa bàbá tó ń la igi nínú yín, tí wọ́n gbé síbẹ̀ nítorí pé ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Ìtàn tí wọ́n sọ fún èmi náà ni. Mo ti fẹ́ sọ pé àpáta yíyọ́ tó ti tutù tipẹ́tipẹ́ ló ṣe àwọn ojú dúdú wọ̀nyẹn, kí àkọ́bí mi tó gbẹ́nu lé e. Ó ní tó bá jẹ́ pé ẹ ń dagun bí ènìyàn bá ti Ìbàdàn dé Oxon Hill, ṣé ìdùbúlẹ̀ ni bàbá náà fi ń la igi níbí ni? Màmá mi rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já. Èyí nìkan ni mo dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yín nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí mi ò ní tún un sọ.

Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìdílé mi nìkan lẹ ń dá ìjà sí. Lọ́dọọdún tí ààwẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tí a jọ ń gbé ní káńtì Prince George's á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn. Àwọn kan ń retí ohun tí Sultan Ṣókótó máa kéde. Àwọn kan ń tẹ̀ lé Fiqh Council of North America, tó ti ń lo ìṣirò láti ọdún 2006. Àwọn kan ní àfi kí àwọn fojú ara àwọn rí yín. Bẹ́ẹ̀ sì ni aago Nàìjíríà fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà ṣíwájú tiwa. Kí ilẹ̀ tó ṣú níbí, ẹ ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ sí i, ẹ sì ti yẹra fún oòrùn díẹ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ lè sá fún gbogbo ojú ní Ìlọrin, kí ẹ wá yọ sí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní Oxon Hill ní ọjọ́ kan náà. Ọkọ wà ní Amẹ́ríkà, ó ti ń jí sáàrì. Ìyàwó wà ní Òṣogbo, ó ṣì ń jẹun ọ̀sán. Ṣé iṣẹ́ àgbà nìyẹn?

Àwa Kristẹni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà lẹ ń ti Àjíǹde síwá sẹ́yìn fún wa: ọjọ́ Àìkú tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ lé àrànmọ́jú, láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta lọ, bí ìjọ ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà láéláé. Àwọn ará Sẹ̀lẹ́ nìkan ló gbọ́n. Wọ́n ń ṣe ìsìn oṣù tuntun wọn ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ̀yin ì báà ti lé, ẹ ì báà má lé. Kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń bá ṣe àdéhùn, kì í ṣe ẹ̀yin.

Àwọn òbí kan sì wà lára àwa tó ń kọ́ ọmọ nílé, ẹ ti gba ọkàn wọn. Wọ́n ní nígbà tí oṣù bá lé ni kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, nígbà àrànmọ́jú ni kó ṣe àjọyọ̀, nígbà tí ẹ bá ń fà sẹ́yìn ni kó sinmi. Ó dùn létí, a sì bá wọn ṣe é. Àmọ́ oṣù yín gba ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sì jẹ́ ọjọ́ 28. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ń bẹ lẹ́yìn tí kò ní ibi tó máa jókòó sí. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìsinmi ti ṣí kúrò ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ti bọ́ sáàárín ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́ kíláàsì dùùrù tí mo ti san owó rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ní òṣùpá sọ pé kí àwọn sinmi. Mi ò bá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́.

Odò ńkọ́? Nǹkan tí ẹ fi odò Potomac ṣe, mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. A gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ń fa omi, pé ipá yín ń dé Potomac títí dé Little Falls, lókè Washington. A gbé àga wa lọ sí Oxon Cove, níbi tí oko àtijọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú wà, a ri ọ̀pá onímáàkì mọ́ ẹrẹ̀ ní etí omi. Omi kún, omi fà, ó kún, ó tún fà, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láàrin òkè àti ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi náà kò ní iyọ̀ rárá níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, àkókò rẹ̀ sì ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́ bí àkókò tiyín. Inú wa dùn. Àmọ́ nígbà tí a wo òkè láti rí yín níbi tí ẹ ti ń fà á, ẹ ò sí níbẹ̀. Omi kún nígbà tí ẹ wà níbòmíràn pátápátá! Ó wá yé wa lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé inú òkun ni ẹ ti ti omi náà, pé ó gba inú Chesapeake Bay, ó rìn tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún máìlì nínú odò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì fi ọ̀pọ̀ wákàtí rìn ín. Lẹ́tà tí ẹ kọ láàárọ̀ ni à ń gbà lálẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ líle, ó lè ba gbogbo ìṣirò wa jẹ́. Àkọ́bí mi fi ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan ṣe é, ó sì wà lára iṣẹ́ tó dára jù tó tíì ṣe. Ẹ ò tilẹ̀ kí i kú iṣẹ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ ti ṣe dáadáa fún ẹlòmíràn rí, ní Maryland yìí kan náà. Wọ́n bí Benjamin Banneker ní ọdún 1731, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú, ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú. Ilé-ìwé tó lọ kò tó nǹkan. Tábà ni wọ́n ń gbìn lóko bàbá rẹ̀, òun náà sì gbìn ín. Ó ti lé ní ẹni ọdún 55 kí aládùúgbò rẹ̀, George Ellicott, tó yá a ní ìwé nípa ìràwọ̀ àti awò-awọ̀nàjíjìn. Kò sí tíṣà. Kò sí ẹni tó ń yẹ fáìlì wò. Òun àti ẹ̀yin nìkan ni, lóru, òun á sì sùn lọ́sàn-án, tí àwọn aládùúgbò fi ń rò pé ọ̀lẹ ni. Ẹ kọ́ ọ títí ó fi lè jókòó sínú ahéré rẹ̀, kó ṣírò ọjọ́ tí ẹ máa bo oòrùn lójú.

Ní ọdún 1791, wọ́n mú un mọ́ àwọn awọnlẹ̀ tó ń fi ààlà sí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ olú-ìlú Amẹ́ríkà sí. Aago àti ìràwọ̀ ni ojúṣe rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni wọ́n ri òkúta ààlà àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ ní Jones Point, ní Alexandria. Àwọn ará Oxon Hill tó ń ka èyí mọ ibẹ̀, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn mọ̀ ọ́n: abẹ́ afárá Woodrow Wilson ni, ní òdìkejì odò. Bí ènìyàn bá dúró ní National Harbor, ó ń wò ó. A fẹsẹ̀ rin afárá náà kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ láti lọ rí i. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, sáyẹ́ǹsì, eré ìdárayá, ẹsẹ̀ tó wú: ó wà nínú fáìlì.

Álímánáàkì rẹ̀ ti ọdún 1792 jáde láti ilé ìtẹ̀wé Goddard àti Angell ní Baltimore. Ó sì ń bá a lọ títí dé ti 1797. Àsìkò tí ẹ ń yọ, àsìkò tí ẹ ń wọ̀, iye ọjọ́ tí ẹ ti lò, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí ó tó jáde, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 1791, ó fi ẹ̀dà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí Thomas Jefferson pẹ̀lú lẹ́tà kan. Lẹ́tà náà fi ọ̀wọ̀ kí ọ̀gá náà dáadáa, ó wá bi í bí ẹni tó kọ̀wé pé gbogbo ènìyàn dọ́gba ṣe ń kó ẹrú sílé. Jefferson fèsì ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Èmi sì rèé, mo ti ń kọ lẹ́tà sí yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, ẹ ò tíì dáhùn.

Ọkùnrin yìí kò ní iná mànàmáná, kò ní fóònù, ẹ sì jẹ́ kó mọ ìṣẹ́jú tí ẹ ó yọ. Fóònù mi ń sọ fún mi ní gbogbo ìgbà, mo ṣì ń pàdánù yín. Nígbà míì, iná ilé tẹ́tẹ́ MGM àti ti àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí ní National Harbor ló bò yín. Nígbà míì, bàálù tó ń bọ̀ wá balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Reagan ni àbígbẹ̀yìn mi ń yà sínú ìwé, tó ń pè é ní ìràwọ̀. Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ ilé tẹ́tẹ́.

Àmọ́ ẹ má rò pé ẹ lè máa fi ara pamọ́ lọ. Káńtì wa yìí kan náà, ní Greenbelt, ni ilé-iṣẹ́ Goddard ti NASA wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1959. (Goddard yìí kọ́ ló tẹ ìwé Banneker, àwọn ọmọ ti bi mí, ó sì ti sú mi.) Ọdún 1959 yẹn náà ni ọkọ̀ Luna 3 ti àwọn ará Rọ́ṣíà kọ́kọ́ ya àwòrán ẹ̀yìn yín, èyí tí ẹ ti ń gbé pamọ́ fún gbogbo aráyé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2009 sì ni Lunar Reconnaissance Orbiter, tí àwọn ará Greenbelt ń darí, ti ń yí yín po tó ń ya máàpù yín. Wọ́n ti ka ihò ara yín. Wọ́n mọ̀ pé ẹ ń fi sẹ̀ǹtímítà 3.8 jìnnà sí wa lọ́dọọdún, torí dígí tí àwọn ará Apollo gbé sára yín láti 1969 ni wọ́n fi ń wọ̀n yín. Láti ìgbà álímánáàkì Banneker di ìsinsìnyí, ẹ ti fi nǹkan bí mítà mẹ́sàn-án sún kúrò lọ́dọ̀ wa. Ẹ tiẹ̀ rò pé a ò ní mọ̀?

Ó ku ẹ̀sùn kan. Ọ̀rẹ́ mi kan, tó kàwé gan-an, wá kí wa, ó sì sọ fún àwọn ọmọ pé òjìji ayé ló ń bò yín tí ẹ fi ń tín-ín-rín. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló gbà bẹ́ẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi kò bá a jiyàn. Ó pa iná pálọ̀, ó tan lámpù kan, ó fi bọ́ọ̀lù kékeré sórí igi, ó sì ní kí àǹtí ọ̀hún máa yí lójú kan pẹ̀lú bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́. Bí àǹtí ti ń yí, ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ lára bọ́ọ̀lù, ó ń dín, kò sì sí òjìji orí àǹtí níbẹ̀ rárá àfi tí àǹtí bá kọ ẹ̀yìn sí lámpù gangan. Ọmọ náà ní, “Èyí tó bọ́ sínú òjìji orí yín yẹn, kì í ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù. Òun ni wọ́n jí wa fún.” Òótọ́ ló sọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2025, òjìji ayé bò yín mọ́lẹ̀ pátápátá lójú gbogbo Maryland. Nínú gbogbo wákàtí tó wà lóòjọ́, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 26 lóru lẹ yàn.

Nítorí náà, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyí, mi ò lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò rí ẹlòmíràn tó lè mú kí ọmọdé fi pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Mo ti pa aago mẹ́jọ alẹ́ rẹ́ lórí tàìmù-tébù. “Òṣùpá, nígbà tó bá dé” ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Wọ́n máa yẹ fáìlì wa wò ní òwúrọ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa ku ìdajì tí ẹ ń fà sẹ́yìn. Bí ìwà yín bá ṣì rí bí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ ó wà ní ìwọ̀-oòrùn títí di nǹkan bí ọ̀sán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró síbẹ̀ di aago mẹ́wàá, ẹ má sì lọ wọ ìkúùkuu. Ọmọ mi kejì fẹ́ pe òṣìṣẹ́ náà sójú fèrèsé.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń dúró,

Ìyá àwọn ọmọ,
Oxon Hill, Maryland.